Èéfín Eédú àti Èéfín Sìgá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ bó ṣe ń ṣe mí sínú rẹ̀ títí sìgá á fi kúrò lẹ́nu mi. Ó ní òun ò ní kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Dókítà ló kọ́kọ́ dá mi jókòó. Kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀ débi pé àyẹ̀wò ò rí i mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má tíì rẹ́rìn-ín, pé bí mo ṣe ń fa sìgá yìí, ẹ̀dọ̀fóró mi ló máa pa mí. Ẹ wo ayé. Àrùn tí gbogbo èèyàn ń pè ní kògbóògùn ti gbóògùn. Sìgá tí mo ń rà fúnra mi ló ń ṣagídí.

Ètò wọn nìyí: Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, màá fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kan. Bí ẹ̀rọ ò bá rí èéfín níbẹ̀, màá kiwọ́ bọ abọ́, màá mú ìwé pélébé kan. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, tèmi ni. Èmi àgbàlagbà, wọ́n ń fi ẹ̀bùn tàn mí bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní mo gbà.

Ẹ̀rọ náà — Wòlíì ni mo sọ ọ́. Ohun ìkọ̀kọ̀ ló ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Wòlíì ní mo mọ́. Mo mú ìwé. "Ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Òfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Orí fífọ́. Sìgá ń wù mí. Mo jágbe mọ́ oníbàárà kan pé kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti dọ̀tí jù. Ta ló ń gbé aṣọ mímọ́ wá fún alágbàfọ̀?

Ìjọba gbé omi tútù síwájú mi, ó ní kí n mu ún kí n tó lé gbogbo oníbàárà lọ tán. Ìyàwó mi ni mò ń pè ní Ìjọba. Àṣẹ rẹ̀ ló múlẹ̀ nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ò ní kòkòrò náà lára. Lọ́dún tí mo gbé èsì àyẹ̀wò wálé, ohun tó sọ ni pé, "A máa lo oògùn náà." Bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ fẹ́ máa gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

Mo mọ́. Ẹ̀bùn: ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n mà mọ ohun tó wọ́n alágbàfọ̀ o.

Ìjọba gbé e sórí pẹpẹ bí ife ẹ̀yẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi fọṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Mo mọ́. Táwẹ̀lì. Ìjọba ń kọrin nídìí omi ìfọṣọ. Ó ní òun fẹ́ bá èèyàn darúgbó ni, kì í ṣe àwòrán ara ògiri. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹta

Mo jó kóòtù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárọ̀ yìí. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná jù. Ọkùnrin náà bú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi tó ti kú. Bó ṣe lọ tán, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìsọ̀ onísìgá. Ọ̀kan péré. Rárá — méjì. Kò sẹ́ni tí mò ń parọ́ fún níbí.

Mo jẹ súìtì tó ń ta sánsán kí n tó dé ilé ìwòsàn. Bí ẹni pé imú ni Wòlíì fi ń ṣiṣẹ́. Ó mú mi lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo lanu, irọ́ jáde láìkọsẹ̀: eédú ni, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ látàárọ̀.

Ó pe dókítà. Dókítà ronú, ó ní ó ṣeé ṣe, pé èéfín eédú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èmi ò mọ̀ o. Mo kàn sọ ọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tóòótọ́ fi bá a, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àmọ́ wọ́n fẹ́ rí ìdí rẹ̀. Kí n mú ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wá, ẹni tí kì í fa sìgá. Bí èéfín bá wà nínú èémí tiẹ̀ náà, a jẹ́ pé mo jàre.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Mo sọ fún Ìjọba. Inú bí i — sí wọn. "Ṣé wọ́n fẹ́ pe ọkọ mi ní òpùrọ́ ni?" Ó ti lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo mu omi dípò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta

Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọlé, ó ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó padà dé, ó ń jẹ súìtì.

Ó fẹ́ èémí. Wòlíì figbe ta. Tiẹ̀ ga ju tèmi lọ. Nọ́ọ̀sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n mú ìwé méjì nínú abọ́: agboorun, àti "Ẹ kú iṣẹ́".

Eédú yìí mà le o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mi ò parọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Ìjọba ń wúkọ́ láti àná. Mo ní ká padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní rárá. Ó wá sọ ìdí rẹ̀.

Ó ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lòun máa ń jókòó, èéfín eédú kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ̀rù wá ba òun pé bí èémí òun bá lọ mọ́, òpùrọ́ ni wọ́n máa pè mí. Òun bá ra sìgá kan, òun fà á tán lẹ́yìn ilé ìwòsàn níbẹ̀. Àyà òun fẹ́rẹ̀ẹ́ là.

"Èmi mọ̀ pé ẹ ò lè parọ́. Ẹ̀rọ yẹn ni kò mọ̀ yín."

Ó wá kúnlẹ̀. Ó ní kí n má bínú, kí n dárí ji òun pé òun fa sìgá.

Mo ní mo ti dárí jì í.