Ibi Tí Bàálù Náà Já Sí Gan-an

Ṣọ́ọ̀bù Atúnkẹ̀kẹ́ṣe,
Ojúlé Kẹtàlá, Ọ̀nà Odò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Iṣẹ́ Àkọsílẹ̀ Ogun,
Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE ÀKỌSÍLẸ̀ BÀÁLÙ OGUN TÍ Ẹ KỌ PÉ ETÍ ODÒ LÓ JÁ SÍ

Èmi ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri oko agbègbè wa, tí mo ń wádìí àwọn bàálù ológun tó já síbẹ̀ nígbà ogun. Mẹ́ta ni wọ́n. Ohun tí ẹ kọ nípa méjì bá ohun tí mo rí mu. Ẹ̀kẹta ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìwé yín sọ pé etí odò ló já sí, pé awakọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, kú, omi sì gbé òkú rẹ̀ lọ. Ẹ ti ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Òkúta náà dára, mi ò ní ẹjọ́ bá a rò. Àmọ́ bàálù kankan ò já síbẹ̀.

Oko àgbàdo bàbá mi, lórí òkè, ló já sí. Ìyá mi ní ìkùukùu bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé òun ò rí ọwọ́ ara òun. Ìró kan ń bọ̀ lókè, ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tó ń wá ilé kiri, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tí oòrùn là, bàálù náà jókòó sáàárín àgbàdo, gbogbo ara rẹ̀ tutù fún ìrì, ẹyẹ sì ti bà lé apá rẹ̀. Mo máa ń lá a lálàá títí dòní, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí mi nígbà náà.

Ohun tí mi ò kọ nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí, torí ojú ń tì mí. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí bàálù kan já sóko aládùúgbò wa ṣáájú, mọ́tò àwọn sójà tó wá wò ó tẹ gbogbo irè rẹ̀ pa. Nítorí náà, bàbá mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ ìyá mi di òkú awakọ̀ náà, wọ́n sin ín sídìí igi tó wà lóko. Lẹ́yìn náà, wọ́n so okùn mọ́ màlúù, wọ́n wọ́ àwókù bàálù náà lọ sí etí odò. Bàbá mi ló sọ fún àwọn sójà pé ibẹ̀ ló já sí, pé omi ló gbé awakọ̀ lọ. Wọ́n wọn ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ojú ibi tí irin ti ha àpáta ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo ka yíyí táyà mi láti òkúta yín dé ìdí igi náà: ẹgbẹ̀fà ni. Kápẹ́ńtà àgbà kan ládùúgbò wa, tí òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó fa okùn, ti tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀rí tó wà nínú àpòòwé yìí. Akọ̀wé yín ní ẹni tó ń lẹ táyà ò lè tún ìwé ìjọba ṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín.

Àbúrò awakọ̀ náà obìnrin, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ń bọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù yìí. Ó kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun sùn sí kí òun tó kú. Ilé-iṣẹ́ yín ló máa mú un lọ sí etí odò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnìkan wá gbẹ́ ìdí igi náà wò ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bí àyè ò bá sí, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mú ìyá náà gòkè. Irọ́ bàbá mi gba àgbàdo là, a sì jẹ ẹ́ yó. Mi ò fẹ́ kí arúgbó wá sunkún létí odò tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí wọ́n ń pè ní Bàbá Bàálù,
ọmọ olóko àgbàdo náà.