Àpótí Tí Kì Í Dúró Kó Kàn Án

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò Ìkẹ́rẹ́ o. Ẹ ní ojú nìkan ni mò ń fi hàn yín lórí fóònù, pé kí n dìde kí ẹ rí bí mo ṣe rí. Ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àbújá ni kò fẹ́ kéèyàn dìde.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Wọn ò ní kí n gun òpó mọ́, orí àga tó rọ̀ ni mo wà. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo àdúgbò, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró kó kàn án kó tó tan tiẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí kò dúró, a ò ní gbọ́ ti àwọn yòókù. Bíi Màmá Ajíbọ́lá nínú ẹgbẹ́ akọrin yín ni! Mo máa ń pa àwọn àpótí náà lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àga mi. Èyí tí mo bá pa tí ohùn àwọn yòókù já gaara, òun ni. Ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n o. Iná ara rẹ̀ á máa tàn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ẹ má wulẹ̀ wá, ọ̀nà ò dára. Precious tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé oúnjẹ wá, ó tún ń bá mi fọṣọ.

Ẹ kí Fọlákẹ́mi àti gbogbo ará ulé. Ọ̀pá tí Bàbá àgbà fi ń rìn nígbà ayé wọn, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wù mí ni.

Ọmọ yín,
Kọ́ládé