Difáídà Tó Dúró Lórí Baba

Ọjọ́bọ̀, nígbà òjò, 1984

Difáídà ni kọ́bọ́ọ̀dù gíga tí a fi ń pín pálọ̀ sí méjì, tí a ń to tẹlifíṣọ̀n àti àwo sí. Ó wúwo. Orí ilẹ̀ líle nìkan ló yẹ kó dúró.

Ìyáàfin tí mo bá ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní Imusin ránṣẹ́ pè mí lónìí pé àwọn ìlẹ̀kùn difáídà ń ṣí fúnra wọn. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀kan tún rọra ṣí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ọkọ mi ló ń tì í. Ẹ gbẹ́rù lé e láyà."

Ìyáàfin ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà wá."

Mo bi Màmá pé, "Níbo ni wọ́n sin Baba sí?"

Màmá fi ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ẹsẹ̀ difáídà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo kan ilẹ̀, ó dún bí agbè òfìfo. Sìmẹ́ǹtì ojú oórì ti ń rì, difáídà sì ti ń fì síwájú.

Mo ní ká gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìyáàfin ní ó di ẹ̀yìn tí àwọn àlejò òun tó ń bọ̀ láti Èkó bá ti rí i ní Sátidé.

Nígbà tí mo ń jáde, àwọn ọmọ ilé náà ti nà gbalaja síwájú difáídà, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tó bá wó...

Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti káfíńtà ń lọ gbé e, ìyáàfin ì báà bínú.

Láti òní lọ, kí n tó gbé ẹrù wúwo kalẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni: kí n bi àgbà ilé léèrè ibi tí òkú wọn sùn sí, kí n sì kan ilẹ̀ ibẹ̀ wò.