Ajílẹ̀ Ọ̀fẹ́ Tí Bàbá Wa Gbà

                                        Oko Àwọn Ouellette,
                                        Ọ̀nà Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Pelletier Corner, Maine.
                                        17 Oṣù Kẹwàá, 2021.

Fernande, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́? Mo mọ̀ pé oòrùn Arizona á ti yan yín gbẹ. Ní tiwa, ìrì dídì ti bo koríko, Wendell ọkọ mi sì ń ráhùn kiri pé kò sẹ́ni tó bá òun la igi ìdáná. Ara wa le, bí a bá fi ojú lásán wò ó. Ṣùgbọ́n jókòó kí o tó ka ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ Colette ọmọ rẹ àti oyún inú rẹ̀ ni mo ṣe mú gègé.

Ṣé o rántí àwọn ọkọ̀ ńlá tó máa ń já ẹrẹ̀ dúdú sí pápá wa nígbà tí Colette ṣì kéré? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ omi ìgbẹ́ ìlú tán ni. Ìjọba ní ajílẹ̀ gidi ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ta ló máa gbé ọ̀fẹ́ wá bá ọmọ Maine tí kò ní gbà á? Ká má tiẹ̀ wá sọ Bàbá wa, ẹni tó ń na ìṣó tó ti tẹ̀ kí wọ́n lè tún un kàn! Àní wọ́n máa ń gbé kọfí àti páì dúró de awakọ̀ lẹ́nu géètì ni. “Ọ̀rẹ́ mi, bá mi da díẹ̀ sẹ́yìn ilé náà o. Àwọn màlúù mi ń wò ọ́ lójú!” Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, Bàbá rò pé omi làwọn ń dà.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, Fernande. Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún yìí, àwọn ènìyàn ìjọba wá yẹ wàrà wa wò, wọ́n yẹ omi kànga àti ilẹ̀ wò. Kẹ́míkà ló kún inú wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páànù tí a fi ń dín nǹkan, tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́, àti ẹ̀wù òjò. Ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ń fọ̀ ọ́ dànù sínú gọ́tà, ó wá ń sùn sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Koríko mu ún, màlúù jẹ koríko. Wendell bi obìnrin tó mú èsì wá pé, “Ìgbà wo ló máa kúrò nílẹ̀?” Obìnrin náà wo bàtà rẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Kì í lọ.”

Ọkọ̀ tó ń gba wàrà kò yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Ṣùgbọ́n màlúù ò mọ òfin ìjọba. Bí a kò bá fún wàrà lọ́mú wọn, á wú, á máa ro wọ́n. Nítorí náà, à ń fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, à ń dà á sí kòtò. Ó dùn mí dé egungun. Lọ́jọ́ kan, Bàbá bu ife kan níbẹ̀, wọ́n sì gbé e sẹ́nu.

“Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀!”

“Kí ló máa pa mí tí ọjọ́ orí ò tíì pa? Wàrà yìí náà ló wo ìwọ tó ò ń pariwo yìí dàgbà.”

Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn. Mo dà á sí kòtò.

Lẹ́yìn náà ni dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wa. Kẹ́míkà náà wà lára gbogbo wa, ti Bàbá ló pọ̀ jù. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó máa ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ, nínú oyún àti nínú ọmú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá sọ: “Colette ńkọ́?” O mọ̀ pé gbogbo ìgbà ooru ló ń wá sọ́dọ̀ wa, Bàbá fúnra wọn ló sì máa ń pè é wá sí ilé màlúù kó wá mu wàrà gbígbóná.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Bàbá ní kí n pe Colette lórí fóònù fáwọn. Àwọn tí kì í fẹ́ fóònù rárá! Bí ọmọ náà ṣe kígbe “Pépère!” báyìí, bó ṣe ń pe bàbá àgbà rẹ̀ láti kékeré, Bàbá gbé fóònù kúrò létí. Wọ́n nà án sí mi. Mo ní a kàn fẹ́ kí i ni. Colette bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí Lucienne, ẹ bá mi sọ fún Pépère kí wọ́n dá màlúù kan sọ́tọ̀ fọ́mọ mi o! Tó bá ti ń rìn báyìí, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Wàrà ilé lòun náà máa mu.”

Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ sí pápá láìwọ ẹ̀wù òtútù. Èmi náà, mo ní, “A ti gbọ́, ọmọ mi.”

Fernande, mi ò lè sọ fún un. Ìwọ lo bí i. Mo bẹ̀ ọ́, ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí òun àti dókítà jọ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó dé.

Wendell ní kí n kí ọ. Bá wa kí ọkọ rẹ dáadáa. Ní ti Colette, má ì tíì bá wa kí i, àfi tí o bá ti sọ fún un tán, tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìkíni wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Lucienne.