Orin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbè

Hamdalah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Yaba níbẹ̀. Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun lásìkò, ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Àwa náà wà ní Ayọ̀bọ̀ níbí, àfi ojú ọ̀nà wa tí òjò tún ti bà jẹ́, àti orúnkún tó ń dun bàbá rẹ. Wọ́n ti kọ́lé sórí ibi tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́, àwọn tó sì ń gbé ibẹ̀ kì í kí èèyàn.

Àwo orin tuntun tí o ṣe ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní kí Rashidat àbúrò rẹ gbé àwo náà wá kí n nù ún, ó ní kò sí àwo kankan, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ọ tán. Gìtá yẹn ń dùn, ohùn rẹ sì dà bíi ti ìgbà tí o máa ń kọrin nídìí kànga. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí orin tó kẹ́yìn, èyí tí o ti ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ń ṣí?" O lé e, o dúró, kò sẹ́ni tó gbè é. O tún lé e, o tún dúró, gìtá nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Ta ló gba owó ègbè lọ́wọ́ rẹ tí kò wá? Àbí ẹ jà ni?

Rashidat tún ka ohun tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles kọ nípa rẹ fún mi. Ó ní ibi tí o dákẹ́ sí yẹn ló wọ òun lọ́kàn jù, pé ó dà bí ilé tí kò séèyàn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń yin ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn? Kó wá wò ó, èèyàn wà nílé. Ó wá fún ọ ní méje nínú mẹ́wàá. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tíṣà máa ń fi ibi tí a ti kùnà hàn wá, nítorí náà fi ọ̀wọ̀ bi í ibi tí mẹ́ta yòókù wọlẹ̀ sí. Ègbè ni, ó dá mi lójú. Rashidat ní àwọn tó ti gbọ́ orin náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ò lè bá ọ gbè é?

Mo ti bá àwọn ìyá tí a jọ ń ṣe àṣàlátù sọ̀rọ̀, àwa márùn-ún ti ṣetán láti wá síbi tí wọ́n ti ń gba orin yín sílẹ̀. Ìyá Ṣàfíù náà ń bọ̀, mo ti kìlọ̀ fún un ṣá, torí tó bá bẹ̀rẹ̀, kì í mọ ìgbà tí orin parí. Bàbá rẹ ní kí n má lọ dójú tì ọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ ẹ, pé òun ò tiẹ̀ tẹ́tí sí orin kankan. Àmọ́ ó ti gbé àga rẹ̀ wá sídìí fèrèsé Rashidat, ó sì ń béèrè ìgbà tí fóònù máa gba iná kún.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò wa ránṣẹ́, èyí tó máa gbé wa dé ibùdókọ̀ Command, ká lè wọ ti Yaba níbẹ̀. Fi owó oògùn orúnkún bàbá rẹ kún un. Bí owó ò bá sí, má yáwó o. Gbé gìtá rẹ kí ìwọ máa bọ̀, torí láti Iléyá èṣí la ò ti fojú kàn ọ́, Ayọ̀bọ̀ sí Yaba ò sì tó ohun tí èèyàn ń di ẹrù fún.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o pe èèyàn kí o má gbọ́ ohùn. Àmín.

Gbogbo ìgbà tí orin yẹn bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń gbè é fún ọ láti ìdí ààrò. Rashidat ní fóònù kì í gbé e padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí: ó ṣì ń ṣí, Hamdalah. Mo ti fi epo sí ilẹ̀kùn náà lẹ́sẹ̀ kó má baà dún nígbà tí o bá dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ṣàkírát.