Ẹ Ti Ń Gbọ́ Ohùn Tín-ín-rín

Bàbá Ọmọ mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì ẹ̀rọ etí yín kejì wà lẹ́nu iná, ó ń gba iná sára, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó dún gbàmù yẹn, èmi ni mo tì í. Ẹ má bínú.

Mo gbọ́ yín láàárọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì obìnrin tó ń bá yín tún ẹ̀rọ náà ṣe pè yín. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń bá yín gbọ́ fóònù. Lónìí, ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ohùn yín mà dùn o."

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ etí fún yín, ohùn tó bá ki nìkan ni etí yín ń gbọ́. Ohùn mi táwọn èèyàn ń sọ pé ó dà bíi ti ọkùnrin, torí ẹ̀ lẹ fi fẹ́ mi. Ní báyìí, wáyà inú etí ti ń gbé ohùn tín-ín-rín wọlé, ó wá dà bíi pé ilé kún fún àwọn obìnrin àlejò. Inú mi dùn fún yín, àmọ́ mò ń jowú, mi ò ní purọ́.

Ẹ pè mí lọ́sàn-án. Ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀, kí ẹ máa gbọ́ mi.

Ìyàwó yín