Gíga Ìyá Peipei

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹta 1998

Òpó wọkọ̀ wá láti Tianjin lónìí láti wá ṣe ìyá ọmọ mi.

Òpó — Sulan àbúrò mi ni. Sẹ̀ntímítà 171. Bàbá wa ló jọ. Èmi jọ ìyá wa: 148, tí mo bá na ọrùn.

A dúró sẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ijó àwọn ológun títí di aago méjì. Ológoṣẹ́ mi, Peipei, jáde, fìlà ológun bò ó létí. Ọmọ ọdún méjìlá. Ó kí ẹ̀ṣọ́ bí ológun ṣe ń kíni, ọwọ́ ṣánṣán létí, ó wá pe "Màmá!", ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dì mọ́ Sulan. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yíjú sí mi: "Ẹ káàsán, Àǹtí."

Bó ṣe yẹ kó ṣe é gan-an nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ.

N ó kọ ọ́ síbí, torí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà ìdánwò àtiwọlé, kì í ṣe ọmọ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ń wọn ìyá rẹ̀ náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọmọ máa ga dé. Ìyá bá ti kúrú, ijó parí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé, ní Huaihua. Nígbà tí ọ̀gá obìnrin tó mú tépù dání béèrè pé ìyá Yang Peipei dà, Sulan ló bọ́ bàtà. Èmi bá a di kóòtù mú. Tépù — orúkọ tí mo fún ọ̀gá náà nìyẹn — kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: Ìyá, 171.

Látìgbà náà, Sulan nìkan ló lè buwọ́ lùwé kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ jáde, Àìkú méjì méjì, wákàtí mẹ́ta péré. Àǹtí lè tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Bàtà ijó mọ́kàndínlógún ni mo rán lónìí. Kò sí ti Peipei níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Tirẹ̀ dé. Ọmọ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà ló kó o wá pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Ìdí tí mo ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn. Màmá Geng, tó ni ín, ti rán aṣọ fún àwọn ológun oníjó fún ọgbọ̀n ọdún; ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ògiri ẹ̀yìn wa. Yàrá mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọkọ sílẹ̀, mo fi ilé sílẹ̀, kí n lè máa fọwọ́ kan bàtà tó ń wọ̀.

Bàtà òsì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Ibi àtàǹpàkò dà bíi tuntun. Kì í fi ibẹ̀ tẹlẹ̀. Mo fi han Màmá Geng, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ó ní, "Ọmọ yìí ń parọ́ fún olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ ta ni?"

Mo ní ọmọ àbúrò mi ni. Ó yọ̀ lẹ́nu mi bí òróró.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Àyájọ́ àwọn obìnrin. Kò yẹ kí wọ́n jáde lónìí tẹ́lẹ̀. Ijó ni wọ́n ń jó fún àwọn ìyàwó ọ̀gágun. Mo gbọ́ dùùrù láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹsẹ̀ ogójì ọmọbìnrin ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé etí lé ògiri bóyá n ó gbọ́ ẹsẹ̀ méjì tèmi láàárín wọn.

Mo se ìrẹsì. Abọ́ méjì ni mo bù kí n tó rántí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ géètì. Sátidé 28, wọ́n á tún gbogbo ọmọ ọdún kìíní wọ̀n, pẹ̀lú ìyá wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá bá ohun tí ìwé sọ mu, á ká ibùsùn rẹ̀ lọ sílé.

Mo fóònù Bàbá Pei, ọkọ mi. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàtà. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ọmọ nínú aṣọ ológun, bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ṣe wá sílé wá wò ó. "Ìyá Pei, fọkàn balẹ̀," ló ń sọ. "Ọmọ wa ti kúrò nínú eruku yìí." N ò sọ ọ̀rọ̀ bàtà mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

A mú un wá sí yàrá mi. Mo di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn. Ó ní kò dun òun. Mo ní bàtà rẹ̀ ti sọ fún mi.

"Bàtà kì í ṣe dókítà, Màmá."

Màmá. Nínú yàrá yìí nìkan ni. Mo jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀ mí lára ná kí n tó bínú.

Ìgbà tó yá ló jẹ́wọ́. Tó bá fò tó balẹ̀, ó ń ta á bí iná. Ṣùgbọ́n ọmọ ará Shandong kan sọ pé orúnkún ń dun òun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó di oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Sulan náà ní kí n jẹ́ kí wọ́n wọ̀n wá tán ná. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Mo gbà.

Kí n sọ òótọ́, ìwé yìí kò lẹ́nu: ìdajì mi fẹ́ kí wọ́n lé e wálé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Òjò. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju "ìgbà wo lẹ máa wá gbà á" lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

Bàtà rẹ̀ tún dé lánàá. Awọ tuntun tí mo rán sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá Geng gbà á lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo fún un. Ó ní egungun ni. Ó ní òun mọ ọmọ kan nígbà kan tó fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jó títí ó fi ṣẹ́ lórí ìtàgé. Igi ló ń fi rìn di òní. Kí ìyá ọmọ yìí lọ sọ̀rọ̀.

Mo ní n ó sọ fún un.

"Yára sọ fún un," ló wí, ó sì wò mí pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Sulan fóònù. Á wá. Á bọ́ bàtà, á dúró, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ó ní òun kọ́ ló máa fi ẹnu òun ba ayé ọmọ jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí kí n wá ṣe ìyá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

N ó gbìyànjú láti kọ ọ́.

Gbọ̀ngàn ńlá, dígí yí i ká. Àwọn ìyá tò, ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, kálukú ń na ẹ̀yìn. Àwa àǹtí àti ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tépù wọn Sulan: 171. Ó ní ó kéré tán ìyá kò tíì súnkì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wọn Peipei: 145, ẹsẹ̀ gùn dáadáa. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn. Mo rò pé ó ti tán.

Ó wá ní kó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó fo àkọ́kọ́. Ó fo ìkejì. Ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, eyín lásán, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ti fún etí ẹ̀wù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọmọ ọdún méjì, tí abẹ́rẹ́ bá ń bọ̀.

Mo ti dìde. "Ẹ dá a dúró. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń dùn ún. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Tépù yíjú. "Ta ni yín?"

"Ìyá rẹ̀ ni mí."

Sulan fọwọ́ bojú. Tépù kò jágbe. Ó kàn ní kí n bọ́ bàtà. Mo lọ dúró níbi tí àbúrò mi dúró sí, irin ìwọ̀n tútù bà lé mi lórí. 148. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ 171. Kò pa ti òkè rẹ́.

Peipei kò wò mí. Ó dúró bí ológun, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀, títí kan èyí tó ń dùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Kẹta

Tépù fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ya àwòrán egungun. Ó ti là, tínrín bí irun orí. Ká ní ó fò fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, ì bá ti ṣẹ́.

Mo béèrè bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi lé e.

Ó ní rárá. Ẹsẹ̀ á san láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ì bá dúró dè é. Irú ọmọ yẹn kò pọ̀. Ti orúnkún ọmọ Shandong yẹn ni kò lè san. Ṣùgbọ́n ìwé ológun ni ìwé tí a parọ́ sí. Ọwọ́ òun kò ká a mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́. Jímọ̀ ni wọ́n máa fà á lé mi lọ́wọ́.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ẹ ò bá kúkú ti sọ pé àǹtí rẹ̀ ni yín. Ṣé àǹtí kò lójú ni?"

N kò rán nǹkan kan mọ́ lónìí. Òótọ́ ló sọ. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún" ti tó. Ìyẹn ni ọmọ mi nílò. Èyí tó kù, ta ni mo sọ ọ́ fún? Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ojora ló mú mi. Kì í ṣe ojora. Oṣù méje ni "Ìyá rẹ̀ ni mí" ti wà lẹ́nu mi, mo sì rí ibi tí àwọn èèyàn pọ̀ sí láti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹrin

Mo lọ gbà á. Wọ́n fún mi ní kálàmù. Mo buwọ́ lùwé.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbálẹ̀ sàréè. Màmá Geng ti lọ sí ti ọkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó gbé bàtà ijó tuntun kan sílẹ̀ fún ọmọ lórí tábìlì. Ọmọ náà ti da ojú bàtà náà bolẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin di ọ̀la. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Pei, ó kàn gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ti gba aṣọ ológun padà. Súwẹ́tà pupa tó wọ̀ wá lóṣù kẹsàn-án ló wọ̀, ó ti kéré sí i lọ́wọ́. Símẹ́ńtì funfun tí dókítà fi de ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ga dé orúnkún.

Láti àárọ̀ la ti jókòó, èmi lórí àpótí, òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Dùùrù ń dún lẹ́yìn ògiri. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbí, kò sí ìwé, kò sí Sulan. Mo ń retí kó pè mí.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé orí sókè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

N kò mọ̀ bóyá ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀. Ojú rẹ̀ kò sọ fún mi. N kò béèrè.

Mo dìde, mo bu omi fún un.